Ẹni Tó Gbàgbé Ilé Ṣì Ni Onílé

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi ni mo dì mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Páàdì yíǹkì wà lórí tábìlì, agírímẹ́ǹtì ẹ̀dà mẹ́rin tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí olúkúlùkù yóò fọwọ́ sí. Èmi ti fọwọ́ sí tèmi. Ọwọ́ tirẹ̀ kò lè kọ orúkọ rẹ̀ já gaara mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó tẹ̀ka. Bí mo ti ń gbé ìka náà bọ̀ lórí ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ti fọwọ́ sí tiyín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó parí.”

Kò bèèrè pé ìwé kí ni. Ojú rẹ̀ tutù bí ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wẹ̀ fún. Ọwọ́ mi ló wá ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da owó pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín láti fi ra ilẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti pé ọdún 77. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lónìí, inú ìwé kọ́ ni mo ti rí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ibi sí ọmọ ìyá mi kí n tó kọ́ ọ.

Ní 1979 ni èmi àti àbúrò mi ra ilẹ̀ náà ní Àpáta, ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe, ó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin ṣe; èmi ń kọ́ ọmọ. Èsúsú tèmi san ìlàjì, owó tí òun ti ń fi pamọ́ láti ìgbà àpọ́n rẹ̀ san ìlàjì tó kù. Bó bá gba ìsinmi ọdọọdún lẹ́nu iṣẹ́, kì í lọ síbì kan. Orí ilẹ̀ náà ló ń sùn, tó ń po yanrìn, tó ń bá àwọn lébìrà mọ búlọ́ọ̀kù. Ní 1984 a kan páànù sí i. Yàrá mẹ́rin wà níwájú fún àwa fúnra wa, mẹ́fà wà lẹ́yìn fún àwọn ayálégbé.

Risíìtì tí àwọn ọmọ-onílẹ̀ kọ fún wa, ìwé sọ́fè, gbogbo ìwé tó jáde lórí ilẹ̀ náà ló ní orúkọ wa méjèèjì. Ibi tí ọgbọ́n wa mọ nìyẹn. A kò kọ ọ́ síbì kankan pé báyìí ni ìpín olúkúlùkù ṣe tó. A kò kọ ẹni tí yóò gba ìpín ẹni tó bá kọ́kọ́ kú. A kò sì kọ ohun tí a ó ṣe bí ọ̀kan nínú wa bá wà láàyè, tó ń jẹ, tó ń mu, ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ mọ́ pé òun ni òun ni ilé. Ta ló ń ronú kan irú rẹ̀? Ikú nìkan ni a mọ̀ tó ń ya ọmọ ìyá nípa.

Ìyá aláta kan tó gba yàrá lẹ́yìn ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Ó yọ́ wọlé tọ̀ mí wá lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ti san owó ilé oṣù mẹ́fà fún àbúrò mi lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó tún wá bèèrè owó kan náà, òun sì sáré lọ yá owó san án nítorí òun kò fẹ́ kí wọ́n lé òun jáde. Mo rò pé olè ni. Mo bá àbúrò mi jà, mo sọ̀rọ̀ sí i tí kò yẹ kí n sọ. Ó búra tomijétomijé pé òun kò tíì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí a ṣí àpótí rẹ̀, owó méjèèjì wà níbẹ̀, ó fi rọ́bà dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò tíì ná nínú rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ilé sọnù. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ẹ̀gbọ́n òun ti jí ìwé òun kó, pé mo fẹ́ lé òun jáde nínú ilé tí òun fi òógùn kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Inú àpò kóòtù rélùwéè rẹ̀ àtijọ́ la ti wá rí àwọn ìwé náà, ó ká wọn jọ, ó sì fi abẹ́rẹ́ gán ẹnu àpò náà pa. Ẹni tó ń pè mí lólè ló ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣọ́ ilé wa.

Bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá ti ẹnu ọmọ ìyá yín jáde lọ́jọ́ kan, ẹ rántí kóòtù yìí. Ohun tuntun ló kọ́kọ́ ń lọ lórí irú wọn, ọ̀rọ̀ àná, owó tó gbà láàárọ̀, ibi tó gbé nǹkan sí. Nígbà tí kò bá sì rántí pé òun ló gbé e pamọ́, ta ni yóò fura sí bí kò ṣe ẹni tó súnmọ́ ọn jù lọ?

Arán ni àwọn bàbá wa ń pè é. Wọ́n á ní, “Ó ti ń ṣarán,” wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ewú lásán ló hù. Àwọn oníṣègùn kò gbà pé ogbó nìkan ni. Àrùn ni, dementia ni wọ́n ń pè é, àrùn tí ń mú iyè ra. Èyí tí wọ́n ń pè ní Alzheimer's ló wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀yà rẹ̀. Òmíràn ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan nínú ọpọlọ bó ti yẹ. Oògùn tó ń dẹ ẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀ wà, èyí tó ń wò ó sàn kò tíì sí.

Mo máa ń gbọ́ tí ẹ̀yin ọmọ òde òní ń sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti já irọ́ yẹn. Láti 1992, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀ṣúntókun tó di olóògbé ní 1995 àti Ògúnníyì wà lára wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wọ agboolé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń fi èdè wa bi àwọn tó ti lé ní ọdún 65 ní ìbéèrè, wọ́n sì ń bi àwọn ènìyàn dúdú tó wà ní Indianapolis ní irú ìbéèrè kan náà, kí wọ́n lè fi wọ́n wé ara wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ jáde ní 2001, nínú 1,000 àgbà ní Ìdíkàn, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan. Ní Indianapolis, ó tó 32. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ìyẹn sì jẹ́ ohun ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà, ilé tó bá sì wọ̀, ọ̀kan ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ má sì tètè fi arán pe gbogbo ìgbàgbé. Àìsàn ẹ̀yà ara ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, àìtó àwọn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, ibà tó wọra, ìbànújẹ́ tó pẹ́ lọ́kàn, àní oògùn tí àgbà ń lò fún nǹkan mìíràn, gbogbo wọn ló lè da iyè rú, wọ́n sì ṣeé wò. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà wà nínú UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, láti 2012. Ẹ gbé wọn lọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bá tèmi jà kí n tó gbé e lọ, n kò sì lè rí ọdún méjì yẹn gbà padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò dá. Ọkùnrin ni àbúrò mi. Bó bá jáde lóru, tó ń rìn lọ sí Dùgbẹ̀ nítorí pé ó rò pé iṣẹ́ òwúrọ̀ ti tó, àwọn ará àdúgbò á káàánú rẹ̀, wọ́n á mú un wá sílé. Ká ní èmi obìnrin ni mo ń rìn lóru bẹ́ẹ̀, tí mo ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ohun mìíràn ni wọn ì bá pè mí. Wọ́n ti pe àwọn ìyá arúgbó ní àjẹ́ nílẹ̀ wa nítorí àrùn yìí, wọ́n ti nà wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ti sá fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ má ṣe dákẹ́ bí ẹ bá gbọ́ ọ.

Kí ló wá gbé mi dé ìdí páàdì yíǹkì? Òjò ni. Páànù 1984 ti jó, omi ń kán sórí ibùsùn rẹ̀. Owó oògùn ń jáde, owó obìnrin tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ń jáde, owó ìfẹ̀yìntì wa kò sì tó nǹkan. Ẹnìkan ní òun yóò ra ilẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú yàrá mẹ́fà náà. Owó tó pè dára. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé yóò kan páànù tuntun, yóò sì bọ́ wa fún ìgbà pípẹ́.

Èrò tó wà lọ́kàn mi ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni irú rẹ̀ yóò wá bá. Mo ní, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ san owó ilé ìwé rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ̀rọ̀ tí ó ń sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni mà”. Bí mo bá wá sọ̀rọ̀ lórí ilé wa, ta ni yóò bi mí léèrè? Àti pé kì í ṣe ìjẹkújẹ ni mo fẹ́ fi owó náà ṣe. Orí rẹ̀ ni mo fẹ́ ná an lé.

Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́, kò sì sí èyí tó fún mi ní ilé rẹ̀. Àgbà mi fún mi ní ẹ̀tọ́ láti bá a wí, láti jókòó sípò ìyá níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Kò fún mi ní àtàǹpàkò rẹ̀. Ọkùnrin tó mọ búlọ́ọ̀kù ilé kan lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò di àlejò nínú rẹ̀ nítorí pé iyè rẹ̀ ra. Iyèkan mi ni. Iyè ló ra, iyèkan kò ra.

Mo fi etí ìró mi nu ìka rẹ̀. Yíǹkì náà kò tán lára rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fa ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya lójú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, inú bí i, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bá lọ́yà, ohun tí n bá ti kọ́kọ́ ṣe. Ó jẹ́ ọmọdébìnrin tí mo lè bí, ṣùgbọ́n ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Ó ní ẹni tó bá bá aláìnírántí ṣe àdéhùn, tó mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé àdéhùn náà, nígbà tí owó ti tán nílẹ̀ tí ilé sì ti wó. Mo ní, ṣé power of attorney kò lè gbà wá, kí ó kọ ọ́ fún mi kí n máa ṣe gbogbo rẹ̀? Ó bi mí pé, “Mà, nígbà wo ni yóò kọ ọ́?” Orí pípé ni ènìyàn fi ń fún ẹlòmíràn ní agbára. Àní ká ní ó ti kọ ọ́ nígbà tí orí rẹ̀ pé, irú èyí tí a ń kọ fún ara wa nínú ìdílé láìsí owó tàbí ẹ̀tọ́ tó so mọ́ ọn, ọjọ́ tí iyè ẹni tó fún ni bá ti lọ ni agbára rẹ̀ ń kú. Ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ gan-an ló ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí, wọ́n tọ́jú ìwé sínú àpótí, wọ́n rò pé àwọn ti dáàbò bo ara wọn.

Ìwé ìpíngún náà ńkọ́? Bákan náà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ló ń ṣe é, níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò ní jẹ nínú ogún náà. A ti pẹ́ jù.

Ohun tó ṣẹ́kù fún irú wa ni ilé ẹjọ́ gíga, kí a mú ìwé dókítà lọ, kí a sì bẹ adájọ́ pé kó yan ẹni tí yóò máa bójú tó ohun ìní rẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní January 2023 ti lé òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí “wèrè” kúrò nílẹ̀, inú mi sì dùn, nítorí pé àbúrò mi kì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ẹjọ́ gùn, ó ń ná ni lówó. Lẹ́yìn rẹ̀, bí a bá fẹ́ tà, a ṣì ní láti gba àṣẹ gómìnà, bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ṣe wí.

Ìbéèrè tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà ni èyí tí lọ́yà bi mí gbẹ̀yìn. Ó ní, “Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?” Àbúrò mi bímọ méjì fún ìyàwó àkọ́kọ́, mẹ́ta fún ìkejì. N kò sọ fún ẹyọ ẹnìkan nínú wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá wọn ni. Lọ́yà náà wá ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà méjì ni ẹni méjì lè gbà ní ilé kan lábẹ́ òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè jẹ́ pé a jọ ni ín láìpín, tí ẹnìkan bá kú, odindi rẹ̀ di ti ẹni tó kù, àwọn ọmọ òkú kò ní rí nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ pé olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, tí ìpín náà yóò sì kọjá sọ́dọ̀ àwọn ajogún rẹ̀. Ìwé tiwa kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí èmi bá ní ti àkọ́kọ́ ni, àwọn ọmọ á ní ti èkejì ni, ẹjọ́ dé.

Bó bá jẹ́ ti èkejì, àbúrò mi kò ṣe ìwé ìpíngún. Àṣà yóò dá sí i. Ṣé ìdí-igi ni wọn yóò fi pín in, kí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdajì fún ọmọ tirẹ̀, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ márààrún gba ọgbọọgba? Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ti Èkó dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní London, ní 1962, ìdí-igi ló sì gba ìdáláre. Títí di òní olónìí, ó ń tú ilé. Ẹ wo bí èmi tí mo bá ẹnìkan ṣoṣo ra ilẹ̀ ṣe lè jí lọ́jọ́ kan kí n bá ènìyàn márùn-ún lábẹ́ òrùlé mi.

Mo pè wọ́n. Ọ̀kan ti Ìlọrin wá, ọ̀kan ti Èkó wá, àwọn tó kù wà lórí fóònù. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn, mo sọ ti yíǹkì pẹ̀lú. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ìyá wa, a dúpẹ́ pé ẹ pè wá kí ó tó bàjẹ́.” Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin bínú, ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àwọn náà ló gbà láti dá owó páànù pẹ̀lú mi. Láti ìgbà náà, ayálégbé kan kò fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Báńkì ni wọ́n ń san án sí. Mo la ìwé kan sí méjì, mo ń kọ owó tó jẹ́ tirẹ̀ sápá kan, tèmi sápá kejì, àkọ́bí rẹ̀ sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Oúnjẹ rẹ̀, oògùn rẹ̀, owó obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, inú tirẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde. Ìtọ́jú tí mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe, n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́yà ní mo lè kọ ọ́, pé iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀, kí ó kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó sàn ju kí ó máa dì í sínú títí yóò fi di ìjà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín wà lókè òkun. Ìbátan wa kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jọ ra ilé ní Peckham, ní London, ohun kan náà sì dé bá wọn. Ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ ní dára ju tiwa lọ, bí ènìyàn bá tètè gbà á. Láti 2007 ni ìwé kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lasting power of attorney. Tiwọn kì í kú nígbà tí iyè bá ra. Nítorí ìgbà náà gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀kan wà fún owó àti ilé, ọ̀kan fún ìlera, a sì gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n ìbátan wa náà kò ṣe é nígbà tó lè ṣe é, wọ́n sì ní láti lọ sí Court of Protection, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ irú wọn. Wọ́n tún kẹ́kọ̀ọ́ pé bí ẹni méjì bá ni ilé níbẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo kò lè gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á, a ó yan ẹnìkejì dípò aláìsàn kí ọjà tó parí. Ohun kan tù wọ́n nínú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kó lọ sí ilé ìtọ́jú, ìjọba kò ka ìpín rẹ̀ nínú ilé mọ́ owó tí yóò fi san ìtọ́jú, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti lé ní ọdún 60, ó sì ti ń gbé inú ilé náà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀gbọ́n lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ti yára ta ilé nítorí ẹ̀rù owó ìtọ́jú, láìbèèrè èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí orí yín ṣì pé, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín lórí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ jókòó. Ẹ kọ ìpín olúkúlùkù sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ tà, ẹnìkejì ni yóò kọ́kọ́ fi lọ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ilé náà ṣe fún yín bí ọ̀kan bá di ẹni tí a ń tọ́jú: ṣé kí a tà á ni, ṣé kí a fi owó ayálégbé bọ́ ọ, ṣé kí ó kú sínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù ṣe ìwé ìpíngún tirẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ilé pamọ́ síbi mẹ́ta. Bí ilé náà bá ṣeé là sí méjì pẹ̀lú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ là á nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà. Àwọn kan á ní ẹ kò fọkàn tán ara yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Èmi fọkàn tán àbúrò mi, òun náà fọkàn tán mi. Ìfọkàntán yẹn gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi yíǹkì pa.

Èyí tí kò sí lọ́yà tó lè sọ ọ́ fún mi, àárín ọdún mẹ́rin tó kọjá ni mo rí i. Mo ti rò pé ilé náà jẹ́ owó tí a lè fi tọ́jú rẹ̀. N kò mọ̀ pé òun gan-an ló ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí iṣẹ́ páànù, kò rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sùn, ó ń kígbe pe orúkọ ìyá wa. Ọjọ́ tó padà sí Àpáta, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta iwájú láìwolẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ó ti ń lọ, ó sì rí yàrá rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọdún tí a wà nínú rẹ̀ kò yé e mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ògiri yàrá àlejò, yóò sọ fún yín pé ìlà búlọ́ọ̀kù kẹrin wọ́ díẹ̀, pé òjò ló ká àwọn mọ́ ọn, yóò sì fi ibi tó ti wọ́ hàn yín. Ìrántí tó kù fún un, inú ògiri ló wà. Ìyẹn ni mo fẹ́ tà.

A kì í yí àga rẹ̀ nípò mọ́. Gáàsì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kun ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó lè rí i.

Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Màámi. N kò tún un ṣe. Ní alaalẹ́, kí ó tó sùn, ó máa ń lọ sídìí ilẹ̀kùn iwájú, á tì í, á fà á wò, á lọ, á tún padà wá fà á wò. Bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

“Màámi, ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó parí.”